Ìbéèrè Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣíwájú Àkọlé: Àríwísí Lórí Àpilẹ̀kọ Àṣekágbá Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ènìyàn bá ń gbé àpilẹ̀kọ àṣekágbá wọn wá fún wa. Àkọlé ni wọ́n ń mú wá. Wọn kì í mú ìbéèrè wá. Ọ̀kan yóò ní òun fẹ́ kọ̀wé lórí ipa ọjà nínú ìdàgbàsókè ilẹ̀ Yorùbá. Òmíràn yóò ní ìṣòro àwọn ọ̀dọ́ ni ti òun. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni ohun náà gan-an tí wọ́n fẹ́ mọ̀ tí wọn kò tíì mọ̀, wọn a dákẹ́. Èrò mi ni pé inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àbùkù púpọ̀ nínú àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé àwa olùkọ́ pín nínú ẹ̀bi náà.

Kì í ṣe pé ìlànà tí a là sílẹ̀ kò dára. Orí márùn-ún tí gbogbo wa mọ̀, èyíinì ni ìfáàrà, àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣaájú, ọ̀nà tí a gbà ṣe ìwádìí, ohun tí a rí, àti àgbálọgbábọ̀, ní ìdí tí a fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò kì í ṣe ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fọ ìkòkò mọ́ tónítóní, wọn a gbé e ka iná, wọn kò sì ní fi nǹkan kan sí i.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dàbí èébú, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí bí àwọn obìnrin ọjà ti ń fi owó pamọ́. Ó pín 100 ìwé ìbéèrè, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ wọ́n. Ó béèrè bóyá obìnrin náà ń bá àwọn ẹlòmíràn fi owó pamọ́; ọ̀pọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣírò, ó ya àtẹ, ó sì parí ọ̀rọ̀ pé ìfowópamọ́ ń mú òwò gbòòrò. Iṣẹ́ náà mọ́ lójú. Mo fún un ní máàkì gíga.

Ìgbà tí èmi fúnra mi dé ọjà náà ni mo tó mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń dá àjọ, àwọn yòókù sì ń dá èésú. Ohun méjì ni wọ̀nyí. Ẹni tí ó ń dá àjọ a máa fi iye kan lé alájọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, alájọ a yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, a sì dá ìyókù padà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 10 bá ń dá èésú 1,000 náírà lọ́sẹ̀, ẹnì kan ni yóò kó 10,000 náírà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o rí owó yá láìsan èlé. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ni ó yá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lówó. Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni ó ń mú òwò gbòòrò? Àpilẹ̀kọ náà kò lè dáhùn, nítorí pé orúkọ kan ni ó fún ohun méjì. Ojú tì mí, nítorí pé ọmọ Yorùbá ni èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Àwọn aṣaájú kò ṣe bẹ́ẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1952 lórí èésú, orúkọ Yorùbá ni ó sì fi pè é nínú àkọlé rẹ̀. N. A. Fadipe gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá, èyí tí a kò tẹ̀ ní ìwé títí di 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ìwọ̀fà máa jẹ́ ìwọ̀fà. Nígbà tí W. E. B. Du Bois ń ṣe ìwádìí fún ìwé The Philadelphia Negro, tí ó jáde ní 1899, àdúgbò kan ni ó yẹ̀ wò láti ilé dé ilé. Ìwé ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni ó ṣe fún ìdílé, ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ fún ilé, ọ̀tọ̀ fún òpópónà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó jẹ́wọ́ àwọn ọ̀nà tí àṣìṣe lè gbà wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ bí ẹni bo egbò.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìbéèrè kan ṣoṣo, ní ibi kan ṣoṣo. Kí ó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tí ó fẹ́ kọ̀wé nípa wọn, kí ó gba ìyọ̀ǹda wọn, kí ó sì gbọ́ orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe nǹkan. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó kọ ìbéèrè, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Kí ó sì dán an wò lọ́dọ̀ ènìyàn bíi márùn-ún, nítorí pé ìbéèrè tí kò yé ènìyàn márùn-ún kò lè yé ọgọ́rùn-ún. Kí ó máa kọ̀wé bí ó ti ń rìn, kí ó sì tún ìfáàrà kọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, nítorí pé ìgbà náà ni yóò tó mọ ohun tí ó ń fi hàn wá.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ní àkókò kò tó, àti pé oyè àkọ́kọ́ kì í ṣe oyè ọ̀mọ̀wé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ ń ṣú bá lọ́nà oko kì í ṣán igbó kìjikìji. Ebè díẹ̀ ni ó ń kọ. Nítorí pé àkókò kò tó gan-an ni ó ṣe yẹ kí ìbéèrè kéré. Ní òkèèrè tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni olùkọ́ mi dá àkọlé mi padà, tí ó ní kí n lọ wá ìbéèrè. Inú bí mi nígbà náà. Lónìí, mo mọ̀ pé gbèsè ni mo jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fún ní máàkì gíga yẹn: èmi kò dá tirẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.