Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀wọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀

Ní ọdún 1997 ni Michael Byram ti Yunifásítì Durham gbé ìwé rẹ̀, Teaching and Assessing Intercultural Communicative Competence, jáde. Ohun tí a gbóríyìn fún níbẹ̀ ni pé kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá lè dúró láàárín àṣà méjì, kí ó túmọ̀ ọ̀kan fún èkejì, ó tó. Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ Faransé, savoirs, ni òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì yìí fi pe ìmọ̀ márùn-ún tí ó tò.

Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ Yúróòpù ni ó fi wo ọ̀ràn náà. Ní kíláàsì wa ní Kétu, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ó ń dá ọmọ dúró: you. Yorùbá ní “ẹ” fún àgbà, Faransé ní vous. Ti Gẹ̀ẹ́sì dà? Ẹ̀rù ń ba ọmọ láti fi you pe olùkọ́ rẹ̀. Bí a kò bá fi hàn án pé please, sir àti ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, yóò ka elédè náà sí aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tí ó sún mọ́ ọn jù kì í ṣe ti London. Ti ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ni, tí ń dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ pé Good morning, sir. Irú àpẹẹrẹ yìí ni a ń bẹ àwọn tí ń ṣe ìwé fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n fi sí i.