Ta Ló Ni “He” Yìí?

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń kọ sára pátákó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ lẹ́sìn bá dé: “Tunde told Kunle that his car had been stolen.” N ó wá bi wọ́n pé mọ́tò ta ni olè gbé lọ. Kíá ni kíláàsì á pín sí méjì. Àwọn kan á ní ti Túndé ni, àwọn kan á ní ti Kúnlé, aláwàdà kan lẹ́yìn á sì ní bóyá ti bàbá ìyàwó wọn ni. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Gbólóhùn náà ló jẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà ni n ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. “Túndé sọ fún Kúnlé pé wọ́n ti jí ọkọ̀ òun.” Ariwo á rọlẹ̀. “Òun” ti parí ìjà: Túndé ló ni ọkọ̀. Ká ní “ọkọ̀ rẹ̀” la pè é ni, ojú á kúrò lára Túndé. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, tí ìyá arúgbó tí kò wọ kíláàsì rí ń lò láìṣì í lò, Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà bí wọ́n bá ní èdè abínibí wa ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Etí tó ti mọ “òun” máa ń tètè gbọ́ ibi tí “his” ti ń jò.

GMAT ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ìdánwò tí àwọn tó fẹ́ lọ kàwé MBA máa ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtúnṣe gbólóhùn wà nínú rẹ̀: wọ́n á fàlà sábẹ́ apá kan gbólóhùn, wọ́n á fún ọ ní ìdáhùn márùn-ún, èyí àkọ́kọ́ á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní ìgbẹ̀yìn, ìbéèrè 36 ló wà ní abala èdè lápapọ̀, ìṣẹ́jú 65 la sì fi ń ṣe é. Ẹni tó bá dúró ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, ọjà ti fẹ́ tú mọ́ ọn lórí. Nígbà tí ẹ̀yà tuntun jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n yọ àtúnṣe gbólóhùn kúrò pátápátá, ti àtijọ́ sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n bá wó ilé tí èèyàn gbé dàgbà. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe SAT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì l'Amẹ́ríkà, ṣì ń bá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pàdé, nítorí náà bírò pupa mi kò tíì gbẹ.

Ohun tí bírò náà ń ṣe kò le. Gbogbo “it”, “they”, “this” àti “which” tí mo bá rí, n ó fa òbìrí yí i ká, n ó sì fàlà láti ibẹ̀ lọ bá orúkọ tó ń rọ́pò. Bí ìlà bá rìn tí kò rí ilé wọ̀, àìsàn wà. Bó bá rí ilé méjì, àìsàn wà náà. “The company bought the bank because it was failing”: èwo ló ń kógbá sílé, ilé iṣẹ́ ni àbí báńkì? Bí “this” bá sì ṣíwájú gbólóhùn lẹ́yìn tí nǹkan mẹ́ta ti ṣẹlẹ̀, kí ọmọ fún un lórúkọ: “this journey”, “this increase”. Ó tán.

N kì í ṣe aláṣejù ṣá o. “The farmers sold the yams before they spoiled.” Ní ti òfin, àgbẹ̀ lè ni “they”. Ta ló wá rí àgbẹ̀ tó jẹrà bí iṣu rí? Ibi tí ọkàn òǹkàwé bá ti lọ tààrà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Tíṣà tó bá ń fi orúkọ dípò gbogbo “they” á sọ lẹ́tà ìfẹ́ di ìwé àdéhùn ilẹ̀.

Tiwa náà ń dà wá láàmú, n kò ní purọ́. Ọmọ kan kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀ àgbà: “My grandmother woke up and they washed their face.” Mo bi í pé ìyá àgbà mélòó ló ní. Ó ní, “Ẹyọ kan ni, sà, ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n.” Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò fẹ́ fi “ó” pe ìyá. Ó gbà mí lásìkò kí n tó mú un gbà pé “she” kò rí màmá fín. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà ń fi “they” pe ẹnì kan ṣoṣo, ó ti pẹ́, kódà Merriam-Webster, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2019. Tiwọn kì í ṣe ti ọ̀wọ̀ ṣá. Bí wọn kò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tàbí bí ẹni náà kò bá fẹ́ kí wọ́n fi èyíkéyìí pe òun, ni wọ́n ń lò ó.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹ́rí ọ̀rọ̀ padà wá ńkọ́, “but”, “although”, “yet” àti àwọn ẹgbẹ́ wọn? “Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, síbẹ̀ a lọ.” Yorùbá fẹ́ kí ẹni méjì gbé ẹrù náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ní ẹnì kan tó o. Ibẹ̀ ni “Although it rained, but we went” ti ń wá. “While” ní tirẹ̀ ní ojú méjì: “While my brother cooks, I wash the plates” lè jẹ́ pé àsìkò kan náà là ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe la pín iṣẹ́.

“But” ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí ẹjọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ fún mi rí pé “My uncle is a lawyer but he is honest.” Gírámà rẹ̀ pé pérépéré. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sì ti bú gbogbo lọ́yà tó wà láyé. Mo fàlà sí i, mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: kí ni àwọn lọ́yà fi ṣe ọ́?

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dùn mọ́ mi jù ni ibi tí irú “he” àti irú “although” ti pàdé. “The trader sued the driver because he was dishonest.” Dírẹ́bà ni “he”. Wá sọ pé “The trader forgave the driver although he was still angry.” “He” ti fò padà sọ́dọ̀ oníṣòwò, láìjẹ́ pé lẹ́tà kan yẹ̀ lára rẹ̀. Terry Winograd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní 1972: àwọn ìgbìmọ̀ ìlú kò fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìwọ́de ní ìwé àṣẹ, nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù rògbòdìyàn. Ẹ sọ “ń bẹ̀rù” di “ń pè fún”, “wọ́n” á bọ́ lọ́rùn ìgbìmọ̀ kó sí ti olùwọ́de. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣì ń fi irú rẹ̀ dán kọ̀ǹpútà wò. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́ yìí o, “òun” àti “àwọn” wa kò gbà wá. Ibi tí ẹnì kan bá ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń rò ó lọ́kàn ni agbára wọn mọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Inú àkọsílẹ̀ ìpàdé ọ́fíìsì wọn ló ti rí i, ó ní kí n bá òun wò ó: “The manager informed the accountant that he had been promoted.” Mo bi í pé ta ni wọ́n gbé ga.

Ó ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n, sà. Láti àárọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń gba ìkíni kú oríire.”