Iyè Kan, Kóńgò Púpọ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní Ṣàngó Toll Gate ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, orúkọ ohun tí kò sí mọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti dẹ́kun gbígba owó ibodè níbẹ̀, síbẹ̀ “Toll Gate” ni kọ́ńdọ́ ń ké, Toll Gate náà ni èrò sì ń sọ̀ sí. Kọ́ńdọ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a wò. Èrò bíi mẹ́rìnlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó ti sanwó, ó mọ ẹni tí ṣéńjì rẹ̀ kò tíì pé, ó mọ ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá pín irú iṣẹ́ báyìí sí mẹ́ta: àkíyèsí, ìrántí àti ìpinnu. Láti ọdún 1905 tí Alfred Binet àti Théodore Simon ti gbé òṣùwọ̀n tiwọn jáde ní ilẹ̀ Faransé ni a ti ń wá ọ̀nà láti mọ bí ẹnìkan ti yàtọ̀ sí ẹnìkejì nínú ohun wọ̀nyí. N kò bá wọn jà lórí wíwọ̀n. Ìyá tí ń ta gàárì mọ̀ pé bí kò bá sí kóńgò, ìjà ni ọjà yóò dà. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, kóńgò ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a wo èdè wa. Iyè ni ó wà nínú àkíyèsí. Ẹni tí ń gbàgbé, iyè rẹ̀ ni ó ra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn baba wa fẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró sí lọ́kàn, ìsọ̀yè ni wọ́n ń ṣe fún un. Ẹni tí kò lè pinnu, iyèméjì ni ó ń ṣe. Ohun mẹ́ta tí ìdánwò pín sọ́tọ̀, gbòǹgbò kan ni èdè wa fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré wí pé àwọn baba wa ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò túmọ̀ ìdánwò sí Yorùbá kò gbọdọ̀ fò ó dá.

Ìtumọ̀ náà ni ìṣòro. Ìdánwò ìrántí a máa ní kí a ka orúkọ nǹkan mẹ́wàá fún ènìyàn, kí ó sì kà wọ́n padà. Lédè wa, bí ohùn olùdánwò kò bá dá ṣáká, ọkọ̀ di ọkọ́, ọkọ́ di ọkọ, ọ̀kọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tí ó bá dárúkọ ọkọ́ dípò ọkọ̀, ṣé iyè rẹ̀ ni ó ra ni, tàbí ahọ́n olùdánwò ni ó yọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò àkíyèsí tí J. Ridley Stroop gbé jáde ní ọdún 1935: a fi tàdáwà àwọ̀ kan kọ orúkọ àwọ̀ mìíràn, a sì ní kí ènìyàn dárúkọ àwọ̀ tàdáwà náà. Ẹni tí ó pe aṣọ aró ní dúdú kò ṣìṣe lédè wa. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá yóò tilẹ̀ borí gbogbo àwa olùkọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò lè kà kò lè dí i lọ́wọ́!

Iṣẹ́ kan wà tí ó yẹ kí a yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí ó di olóògbé ní ọdún 1995, Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn tirẹ̀ ní Indianapolis, yẹ ìrántí àwọn arúgbó wò ní ìlú méjèèjì. Láàárín àwọn ará Cree ní Kánádà ni a ti kọ́kọ́ lo òṣùwọ̀n wọn, kì í sì í ṣe arúgbó nìkan ni ó ń bi léèrè. Ó ń bi ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2001 wọ́n tẹ èsì jáde: lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 ni àrùn ìgbàgbé ń mú ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n 3.24 láàárín àwọn ìran Áfíríkà ní Indianapolis. Mo gba iṣẹ́ yìí gbọ́ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ. Síbẹ̀, ní ilé tí ọmọ ti ń bu omi ìwẹ̀ fún baba, tí ìyàwó ilé ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, níbo ni a ó ti rí i pé baba ti ń gbàgbé? Ọmọ wo ni yóò sì tú àṣírí baba rẹ̀ fún àlejò? “Àgbà ni” ni yóò wí. N kò sọ pé èyí ni ó mú kí iye ti Ìbàdàn kéré. Mo ní kí a má gbàgbé rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn arúgbó. Ní ọdún 2018, Craig Hedge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé púpọ̀ nínú ìdánwò tí ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan: ẹni tí ó ṣe é lónìí, tí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lè bá ara rẹ̀ ní ipò mìíràn. Mo kọ́ ọmọkùnrin kan rí, tí ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè Ọ̀tà dá padà lẹ́yìn irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dán an wò. Wọ́n ní kò ní àkíyèsí. Ọmọ yìí kan náà, bí ó bá jókòó nídìí ayò, a máa mọ iye ọmọ ayò tí ó wà nínú ihò ọ̀tá rẹ̀ láìkà á.

Mo rọ àwọn olùkọ́ èdè pé kí wọ́n bá àwọn oníṣègùn jókòó, kí wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ohùn wọn kò lè mú wọn da ara pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàdo, ìgbálẹ̀ àti ìjàpá. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù wọ̀nyí lọ, kí ó kọ̀wé sí wa.