Ìṣirò Tó Yẹ Kó Ṣáájú Ìpìlẹ̀

Iṣẹ́ kan wà tí a kì í sábà yìn: ti àwọn tó ń ka ìdílé, yàrá àti ọmọ tó ń dàgbà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó sọ irú ilé tó yẹ ní kíkọ́ àti ibi tó yẹ kó wà. Ẹ wo Àkúrẹ́: ó di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, dé ní 1981. Òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, ìlú sì ń tàn dé Ọba-Ilé, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́. Ẹni tó bá ka ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan ti fi apá kan ìlú sílẹ̀. Ti ìlú Oǹdó yàtọ̀: agbo ilé àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ ń fà wá, yàrá kan ṣoṣo ló ń wá, kì í ṣe ilé oníyàrá mẹ́rin.

Àwọn kan á ní kí ni ìwúlò ìṣirò, nígbà tó jẹ́ pé 2006 la ti ka ènìyàn kẹ́yìn? Òótọ́ ni, iye náà ti gbó. Ìdí nìyẹn gan-an tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí fi wú mi lórí: ẹni tó mọ̀ ọ́n a máa fi àwòrán sátẹ́láìtì, ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé àti owó ilé tó ń gòkè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn ní kálukú ló ń kọ́lé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ayálégbé kò ní ilẹ̀, onílé kan kò sì lè dá la títì àdúgbò. Kí ìjọba gba àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yìí síṣẹ́, kí ó sì tẹ àbájáde wọn jáde fún aráàlú kí ó tó pín ilẹ̀ mìíràn.