Eku, Ọ̀rá àti Ooru Yàrá

Eku ni mò ń tọ́jú nílé ìwádìí, èmi náà ni mo sì ń wọn bí ara wọn ṣe ń sun oúnjẹ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dénú, pàápàá nítorí ọ̀rá kékeré kan tó wà láàárín èjìká eku. Tí ẹ bá rọra ká ọ̀rá funfun tó bò ó kúrò, ẹ ó rí i: pupa rúsúrúsú, apá kan ní ọ̀tún, apá kan ní òsì. Mitokọ́ńdíríà tó kún inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fọ́fọ́, tí irin sì wà nínú wọn, ló fún un ní àwọ̀ yẹn.

Ọ̀rá funfun ń kó agbára pamọ́. Ọ̀rá pupa yìí ń jó o ni. Tí òtútù bá mú eku, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí i, puróténì kan tó ń jẹ́ UCP1 á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dà bí ọkọ̀ tí wọ́n sítáàtì, tí awakọ̀ ń tẹná, àmọ́ tí kò kó o sí jíà: epo ń jó, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, ẹ́ńjìnì ń gbóná. Ooru yẹn gan-an ni eku ń wá.

Lọ́dún 1993, Bradford Lowell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi jíìnì májèlé difitẹ́ríà sára eku, wọ́n sì ṣe é kó jẹ́ pé ọ̀rá pupa yìí ni májèlé náà máa bá jà. Àwọn eku náà sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àmọ́ lọ́dún 1997, Sven Enerbäck, Leslie Kozak àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yọ agbára UCP1 fúnra rẹ̀ kúrò. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn eku wọ̀nyẹn, síbẹ̀ wọn kò sanra!

Ìdáhùn tó wá lẹ́yìn náà ló mú kí n kan sáárá sí àwọn ará Stockholm. Lọ́dún 2009, Helena Feldmann, Barbara Cannon, Jan Nedergaard àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú ooru yàrá eku gòkè dé nǹkan bí 30°C. Yàrá tó wà ní nǹkan bí 21°C dẹrùn fún àwa tá a wọṣọ, àmọ́ òtútù ni fún eku. Eku tí kò ní UCP1 á máa gbọ̀n níbẹ̀ tọ̀sán tòru, gbígbọ̀n náà á sì máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Nígbà tí yàrá móoru, tí kò sí ìdí láti gbọ̀n mọ́, àwọn eku tí kò ní UCP1 sanra ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, kódà lórí oúnjẹ lásán.

Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gíláàsì ki jíìnì sínú ẹyin eku ni aráyé ń yìn, ó sì tọ́ sí wọn. Lójú tèmi, ìwọ̀n ló le jù. A ó gbé eku kan ṣoṣo sínú àgò tó dí pa, a ó máa wọn ọ́síjìn tó ń lò àti kábọ́ndaóksáìdì tó ń mí jáde. Tí a bá fi ọ́síjìn pín kábọ́ndaóksáìdì, tó sún mọ́ 0.7, ọ̀rá ló ń sun. Tó bá sún mọ́ 1, oúnjẹ afáralókun ni. Eku á kọ́kọ́ máa sáré, á máa gbóòórùn gbogbo igun, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á máa fò sókè sódò. A kì í kánjú. Ó di ìgbà tó bá ká jọ tó sùn kí ìlà náà tó wálẹ̀, kó tẹ́jú. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn gbàgà lásìkò yẹn ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá kà á níbì kan pé wọ́n yí jíìnì kan padà tí eku fi rù tàbí sanra, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí yàrá eku náà ṣe gbóná tó.