Ìgúnpá Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Wò

Ìyá mi tó jẹ́ aránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kì í yẹ aṣọ wò láìyí inú rẹ̀ síta. Ẹwà ojú aṣọ kì í ṣe nǹkan bàbàrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Á fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fa abẹ́ apá wò, á wo ibi tí òwú parí sí, kó tó sọ bóyá ẹni tó rán an mọṣẹ́ àbí kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tèmi kò jọ tirẹ̀. Ọmọlangidi akọni ni mo ń yẹ̀ wò, pàápàá àwọn akọni obìnrin inú ìwé àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n fi ike ṣe, tí àgbàlagbà ń rà kó jọ. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ṣe é níhìn-ín ní Maryland. Síbẹ̀, ọgbọ́n ìyá mi náà ni mo ń lò. Bí mo bá tú páálí, n kì í wo ojú. Ìgúnpá ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ojú rọrùn láti ṣe báyìí. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ sí ike lára, bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán sórí ìwé. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni ó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tí kò wọ́n púpọ̀. Bí ẹ bá fi gíláàsì amúǹkan-tóbi wò ó, ẹ ó rí i pé àmì kéékèèké ni gbogbo ẹyinjú àti ètè náà, tí wọ́n tò pọ̀ bí iyanrìn. Ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ọmọlangidi lè lójú bí òṣèré sinimá kí apá rẹ̀ má sì lè ká dé ẹnu.

Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Storm ni, gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo fi ìka méjì di èjìká rẹ̀ mú, mo rọra ká apá ọ̀tún. Oríkèé méjì ló wà ní ìgúnpá rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó sì ká títí ìka ọwọ́ fi kan èjìká. Kò dún, kò lọ́, kò sì tú padà nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Mo gbé apá méjèèjì kọjá orí, wọ́n lọ wẹ́rẹ́. Inú mi dùn, nítorí Storm tí kò bá lè nawọ́ sókè kì í ṣe Storm, ọwọ́ yẹn ló fi ń pe mànàmáná. Mo wá fẹ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Kò lọ. Irun funfun rẹ̀ tó gùn dé agbedeméjì ẹ̀yìn, ike líle ni wọ́n fi ṣe é. Bí orí bá ti fẹ́ yí sẹ́yìn, irun á gún ẹ̀yìn, orí á sì dúró gbagidi. Ẹni tó ń darí òjò, kò lè gbójú sókè wo ojú ọ̀run.

Ó dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Len Wein ló kọ Storm, Dave Cockrum ló yà á, ọdún 1975 ló sì kọ́kọ́ jáde nínú ìwé àwòrán Giant-Size X-Men. Ororo Munroe lorúkọ rẹ̀. Ìdílé ọba ní Kenya ni ìyá rẹ̀ ti wá. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú, ìgboro Cairo ló ti dàgbà, tó ń jalè jẹun, kó tó wá lọ sí Kenya, níbi tí wọ́n ti ń bọ ọ́ nítorí òjò tó ń mú wá. Kenya jìnnà sí Ìrá, ìlú Ọya, lóòótọ́, ṣùgbọ́n n ò mọ ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ìtàn yẹn tí Ọya ò ní wá sí lọ́kàn. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ọrùn rẹ̀ gan.

Kí ló dé tí ọrùn obìnrin fi máa ń gan, tí ìgúnpá rẹ̀ kì í ká? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1964, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Hasbro fẹ́ gbé sójà G.I. Joe jáde, wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá ò ní ra ohun tó ń jẹ́ ọmọlangidi fún ọmọkùnrin wọn. Wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un, wọ́n pè é ní action figure. Láti ọjọ́ náà ni ọjà ti pín sí méjì, ọmọlangidi fún ọmọbìnrin, èyí tí ń jà fún ọmọkùnrin. Èdè tiwa ò pín in bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá ìyá mi fún mi ní ọ̀kan, igi pẹlẹbẹ tó ní orí àti ọrùn, tí kò lápá rárá, mo sì máa ń fi ọ̀já pọ̀n ọ́n káàkiri agboolé. Ọmọlangidi là ń pè é. Ọmọlangidi náà ni mo ń pe Storm orí tábìlì mi yìí, kò sì sí ìtìjú kankan nínú orúkọ náà.

Àwọn akọni obìnrin ló jìyà ìpín náà. Wọ́n jẹ́ obìnrin, ẹni tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọkùnrin ò fẹ́ wọn. Wọ́n jẹ́ akọni, wọn ò bá ti ọmọbìnrin mu. Àwọn kan gbìyànjú o. Lọ́dún 1967, ilé-iṣẹ́ Ideal ṣe mẹ́rin: Wonder Woman, Supergirl, Batgirl àti Mera. Nígbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1980, Mego ṣe tirẹ̀, íǹṣì 8, tó wọ aṣọ gidi tí èèyàn lè bọ́ kó tún wọ̀ fún un. Nígbà tí Kenner wá bẹ̀rẹ̀ Super Powers lọ́dún 1984, obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ títí tó fi kásẹ̀ nílẹ̀, Wonder Woman náà ni. Lọ́dún kan náà ni Mattel gbé Secret Wars jáde. Storm wà nínú ìtàn Secret Wars, Rogue wà níbẹ̀, Wasp wà níbẹ̀. Mattel ò ṣe ẹyọ kan nínú wọn. Ọdún 1991 ni Toy Biz tó wá ṣe Storm mọ́ àwọn X-Men, tí mànàmáná sì ń tàn láyà rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ rántí fíìmù Avengers ọdún 2015. Black Widow ló gun alùpùpù já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfúrufú nínú fíìmù náà. Nígbà tí ohun ìṣeré rẹ̀ dé ọjà, Captain America ni wọ́n gbé ka alùpùpù. Shane Black tó darí Iron Man 3 náà sọ lọ́dún 2016 pé obìnrin ni ọ̀tá inú fíìmù òun tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí òun yí i padà sí ọkùnrin torí pé ọmọlangidi obìnrin ò ní tà. Wọn kì í ṣe é dáadáa, wọn kì í ṣe é púpọ̀, wọ́n á wá ní kò tà.

Lọ́dún 2018, nígbà tí fíìmù Black Panther jáde, àbúrò kan tó wà ní Houston pè mí nítorí Okoye, ẹ̀ṣọ́ ọba inú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí Okoye rà?”

“Wọn ò tà á lódidi. Nínú àwọn ọmọlangidi Marvel Legends ti Black Panther yìí, wọ́n ti já a sí wẹ́wẹ́ sínú páálí àwọn tó kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rà wọ́n tán lẹ máa tò ó pọ̀.”

“Háà! Ṣé kí n ra Namor àti Black Bolt kí n tó rí Okoye ni, Ẹ̀gbọ́n?”

Ó rà wọ́n. Ó tò ó pọ̀, ó sì gbé e wá fún mi láti yẹ̀ wò nígbà tó wá kí wa. Inú ń bí mi kí n tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ òtítọ́: orí tó fá yẹn ṣe ọrùn rẹ̀ lóore. Kò sí irun tó ń dí i lọ́nà. Ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn lórí èjìká bí ẹ̀ṣọ́ ọba tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìgúnpá. Inú irin ni wọ́n ń da ike sí, irin náà sì wọ́n gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ara kan fún akọni mẹ́wàá, tí wọ́n á kàn pààrọ̀ orí àti ọ̀dà. Apá ọkùnrin nípọn, àyè wà fún oríkèé méjì àti ìṣó tó lágbára. Apá obìnrin ni wọ́n máa ń ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìfọyín, oríkèé kan ṣoṣo ló ń wọ̀ ọ́, apá náà á sì ká dé ìdajì, á dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń rí jagunjagun obìnrin tí kò lè gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè bo àgbọ̀n rẹ̀. Àìpẹ́ yìí ni oríkèé méjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ lára wọn. Nítorí náà, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀. Wọn ò kà á sí ni.

Apá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́ ọ̀kan tí mo san owó gidi lé lórí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán tán sínú apá. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò gbà á padà. Láti ìgbà náà, omi gbígbóná kì í wọ́n lórí tábìlì mi. Bí oríkèé kan bá le, mo máa ń rì í bọ omi náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ike lè rọ̀, n óò wá rọra yí i síwá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ nínú páálí náà, omi gbígbóná ni mo fi ń tọ́ ọ, lẹ́yìn náà mo máa ń tì í bọ omi tútù kó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi tipá yí ohunkóhun.

Bàtà gogoro kì í jẹ́ kí àwọn ọmọlangidi yìí dúró, èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀dà ló gba ọ̀rọ̀. Mo ti rí Storm tí awọ rẹ̀ dà bí eérú, mo sì ti rí èyí tí ojú rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ kan náà, torí pé ọ̀dà ni wọ́n fi kun ojú, tí ọrùn sì jẹ́ àwọ̀ ike fúnra rẹ̀. Àwọ̀ ara èèyàn dúdú ní pupa nínú, ó ní òféèfèé nínú. Bí wọ́n bá da dúdú àti funfun pọ̀ lásán, òkú ni wọ́n kùn. Mo máa ń gbé ọmọlangidi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ara mi lójú fèrèsé kí n tó kọ ohunkóhun nípa àwọ̀, mo sì máa ń yọ máàkì lórí rẹ̀ láìṣojúsàájú.

Ti Storm iwájú mi yìí, àwọ̀ rẹ̀ dára, ojú àti ọrùn bára mu. Ìgúnpá rẹ̀ dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti yẹ̀ wò lọ́dún yìí. Ọrùn rẹ̀ ò dára. Mo fún un ní 7 nínú 10. Bí ẹ bá rà á, ẹ tú u jáde nínú páálí, ẹ fi omi gbígbóná rọ irun ẹ̀yìn yẹn, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sókè títí orí rẹ̀ á fi lè yí sẹ́yìn. Èmi náà ti gbé omi kaná.