Ilẹ̀kùn Tó Ń Pàdé Àlejò Ní Ìkẹ́rẹ́

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ rí ọba kì í ṣàdédé já wọ inú ààfin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sí. Ẹmẹsẹ̀ á wọlé lọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún kábíyèsí, á sì pẹ́ kó tó jáde padà. Wọ́n á fún àlejò lómi mu. Oòrùn á yí kúrò níbi tó wà. Kò ní í sí ohun tí ojú rẹ̀ yóò máa ṣe ju kó máa wo òpó, ògiri àti ilẹ̀kùn lọ. Ní ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, nílùú tí òkè Olósùnta dúró tì, ẹnìkan ti ro ti irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ebi yóò pa ojú rẹ̀, ó sì ti gbọ́ oúnjẹ sílẹ̀ dè é.

Ọlọ́wẹ̀ ni ẹni náà. Èfọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, àmọ́ Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, Ìsẹ̀ náà ni gbogbo ayé sì mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú ní 1938. Wọ́n ní kó tó di gbẹ́nàgbẹ́nà tí àwọn ọba ń ránṣẹ́ pè, ẹmẹsẹ̀ ló jẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀. N kì í lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo bá ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti ń jáde sí àlejò lọ́dẹ̀dẹ̀ lójoojúmọ́ mọ bí ìdúró ti ń gùn tó, ó mọ ibi tí ojú àlejò máa ń lọ.

Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún Ògògà Alówólódù, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1890 títí di 1928. Ilẹ̀kùn kan wà nínú wọn tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Abala méjì ni, ó pín abala kọ̀ọ̀kan sí ìpele ìpele láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìtàn ìgbàlejò kan ló sì gbẹ́ sí i lára. Ní abala òsì, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì dúró gbọin lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ayaba yòókù wà níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Ní abala ọ̀tún, òyìnbó ń bọ̀. Kápútéènì Ambrose ni, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Òǹdó, tó wá kí ọba nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọkùnrin méjì ló gbé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo orúnkún rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi gbé e kò gbà á, orúnkún rẹ̀ ká sókè bíi ti ẹni tí wọ́n kì sínú agbọ̀n. Ẹ wá yí ojú padà sí ọba. Ọba jókòó, àyè gbà á, kò sí ohun tó ń lé e. Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ igi yìí, àṣẹ ti bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó ní gbogbo Èkìtì, Ọlọ́wẹ̀ sì mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé ló dúró sí tó fi ń wo ìta. Láti inú ilé, ẹni tó ń bọ̀ ni àlejò, bó ti wù kí agbára rẹ̀ pọ̀ tó, ẹni tó jókòó dè é ló ni ilé. Kò fi Ambrose ṣẹ̀sín rárá. Ó gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ìtọ́jú kan náà tó fi gbẹ́ àwọn aláàárù tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ní Ìkẹ́rẹ́, onílé gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó. Ìjókòó yẹn gan-an ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́.

Báwo ló ṣe gbẹ́ ẹ? Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn. Ọnà lílé ló ṣáájú, níbi tí àáké ti ń la igi títí tí a ó fi mọ ibi tí orí yóò wà àti ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà. Àlétúnlé tẹ̀lé e, tí ojú, etí àti ọwọ́ ń yọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, ká tó wá dé orí fínfín, tí ọ̀bẹ yóò fi fín irun, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ọlọ́nà ni wọ́n kàn ha àwòrán sí lójú. Ọlọ́wẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde kúrò lára pákó, débi pé orí àti èjìká ẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Kí èyí tó ṣeé ṣe, igi tó nípọn ló gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì máa gbẹ́ gbogbo ohun tó wà láàárín wọn kúrò láìjẹ́ kí ọrùn kan ṣẹ́. Kò wá fi ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ lásán. Ó fín in, ó kùn ún ní ọ̀dà aláràbarà, bí ẹni pé aṣọ ni wọ́n ta sẹ́yìn wọn. Ara wọn kọ sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti ẹni tó ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan yí orí sí wa. Àlejò ń wò wọ́n, àwọn náà ń wo àlejò.

Mo fẹ́ràn láti máa ronú nípa ìmọ́lẹ̀ inú ààfin yẹn. Àgbàlá kò ní òrùlé láàárín, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń wọlé. Iṣẹ́ tó bá yọ síta tó bẹ́ẹ̀, òjìji rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ohun tí àlejò rí láàárọ̀ kọ́ ni yóò rí nígbà tí ọjọ́ bá rọ̀.

Òpó kan láti ààfin yìí kan náà wà ní Chicago láti 1984, ní Art Institute. Ọba jókòó lórí rẹ̀, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ, orí olorì yẹn ni òrùlé sì gbé lé. N kò mọ ọ̀rọ̀ ẹnu tó lè sọ ipò obìnrin láàfin yékéyéké tó bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ di àlejò. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ síbi Àfihàn Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wáyé ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum rí i, wọn kò sì fẹ́ kó padà sílé mọ́. Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bèèrè fún, wọ́n sì ṣe é ránṣẹ́ sí i. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti wà lọ́hùn-ún, kò sì sí ààfin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ògògà ṣì jókòó ní abala òsì. Ní abala ọ̀tún, àwọn ọkùnrin méjì yẹn ṣì gbé Ambrose dání, kò tíì sí ẹni tó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.